Kì í Ṣe Locke Ló Dá Ẹ̀rọ Dúró ní Ìkẹjà

Ẹ bi ọmọ iléèwé girama tó ń múra ìdánwò WAEC pé ta ló fi òmìnira àti ìdọ́gba sínú ìjọba ayé òde òní, kò ní ronú kó tó dáhùn. Ó ti há a sórí: John Locke ní ẹnì kan kò ní àṣẹ àbímọ́ lórí ẹnì kejì; Montesquieu ní kí wọ́n pín agbára ìjọba sọ́nà mẹ́ta; Rousseau ní ọwọ́ ará ìlú ni àṣẹ wà. Amẹ́ríkà gbà á, Faransé gbà á, Gẹ̀ẹ́sì gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì gúnlẹ̀ sí Èkó. Olùkọ́ á fún un ní máàkì. Àwọn àgbààgbà tó máa ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní àyájọ́ June 12 kì í sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àfi pé wọ́n á fi ẹ̀gàn díẹ̀ kún un: wọ́n á ní ìjọba tiwa-n-tiwa kò gún régé lọ́dọ̀ wa nítorí pé àwọn mẹ̀kúnnù wa kò mọ ìwé tó bí i.

N kò gbà. Kì í ṣe pé wọn kò kọ ìwé náà. Wọ́n kọ ọ́, ó sì dùn ún kà. Ohun tí mo ń bá jà ni èrò pé ìwé ló ṣe iṣẹ́ náà, pé ọ̀rọ̀ gbéra lórí tábìlì àwọn onírònú, ó rìn wọ inú ìwé òfin, ó sì di ìjọba, láìsí ẹni tó gbé e, láìsí ẹni tó ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. Irọ́ ni. Nígbà tí ìwé wọ̀nyẹn ń ka ènìyàn, àwọn kan wà tí wọn kò kà. Àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n fi agídí wọlé, ìgbà tí wọ́n wọlé tán ni òmìnira àti ìdọ́gba tó kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀rí kò ní láti rìn jìnnà. Kó wọ dánfó ní Ìkẹjà, kó gba Ọba Akran lọ sí Ọ̀gbà, kó bọ́ sílẹ̀ ní Agége létí ojú irin. Mo ṣì ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Locke ni ká ti bẹ̀rẹ̀, òun ṣáà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè. Ìwé rẹ̀ lórí ìjọba jáde ní 1689. Kó tó dìgbà náà, ó ti fi owó sínú Royal African Company, ilé-iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kó ẹrú ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Òun náà ló ṣe akọ̀wé fún àwọn ìjòyè tó ni ilẹ̀ Carolina ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú òfin tí wọ́n ṣe fún ilẹ̀ náà ní 1669, òfin tó fún olówó ẹrú ní àṣẹ pátápátá lórí ènìyàn dúdú tó bá rà. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ á ní bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn, pé ẹnì kan kò lè ga ju ìgbà ayé rẹ̀ lọ. Ó dáa. Bí ìgbà ayé Locke bá lágbára ju ìwé Locke lọ lọ́kàn Locke fúnra rẹ̀, kí ló dé tí a fi ń sọ pé ìwé náà ló yí ayé padà?

Faransé kọ tirẹ̀ sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 1789: olómìnira ni wọ́n bí ènìyàn, wọ́n sì dọ́gba ní ẹ̀tọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ ọ́, àwọn ẹrú bí ìdajì mílíọ̀nù ló ń gé ìrèké fún Faransé ní erékùṣù Saint-Domingue. Kò sí ẹni tó sáré láti Paris lọ tú wọn sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ 1791 àwọn ẹrú náà dìde fúnra wọn, wọ́n sun oko ìrèké, wọ́n sì gbé àdá. Àwọn ọmọ Káàárọ̀-o-ò-jíire wà láàrin wọn, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nago. Títí di òní olónìí wọ́n ń bọ Ògún ní Haiti lábẹ́ orúkọ yẹn. Ìgbà tí ogun náà gbóná débi tí apá kò ká a mọ́ ni Paris tó rántí, ní oṣù kejì 1794, pé ènìyàn náà ni ẹrú. Napoleon tún gbàgbé ní 1802. Àwọn ará Haiti fi ìbọn rán an létí, wọ́n sì kéde òmìnira wọn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1804. Mélòó nínú àwọn tó sun oko ìrèké ló ka Rousseau? Ẹ jẹ́ kí WAEC fi ìyẹn sínú ìdánwò.

Èyí tó wá kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ti John Stuart Mill. Ìwé rẹ̀ lórí òmìnira jáde ní 1859, kò sì sí iléèwé gíga tí wọn kì í ti í yìn ín. Nínú ìwé kan náà ni Mill ti yọ àwọn kan sílẹ̀ kedere: ó ní òmìnira kò tíì tọ́ sí àwọn ẹ̀yà tí ojú wọn kò tíì là, pé kí ẹnì kan máa jẹ gàba lé wọn lórí kò burú, bí ìyẹn bá ti lè tún ayé wọn ṣe. Ọdún márùndínlógójì ló fi jẹ owó oṣù Ilé-iṣẹ́ East India tó ń jọba lórí Íńdíà, nítorí náà ó mọ ẹni tó ń bá wí. Ọdún méjì lẹ́yìn ìwé náà, ní oṣù kẹjọ 1861, Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Láti ọjọ́ yẹn títí di 1923, ará Èkó kankan kò dìbò yan ẹni tó ń ṣòfin lé e lórí. Nígbà tí ìbò sì dé, lábẹ́ òfin Clifford ti 1922, ọkùnrin tó ń rí ó kéré tán ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dún nìkan ló wà fún. Èkó rí àga mẹ́ta, Calabar rí ẹyọ kan. Obìnrin kò sí níbẹ̀, lébìrà rélùwéè kò sí níbẹ̀, ìyá tó ń ta gààrí ní Agége kò sí níbẹ̀. Ilẹ̀ tí Locke àti Mill ti kọ̀wé ni àwọn tó ṣe òfin yìí ti wá. Àìmọ̀wé kọ́ ló ṣe wọ́n.

Kì í sì í ṣe òyìnbó nìkan ló ní ààlà yìí lójú. Agége ìgbà náà, oko kòkó àti obì ni. Olóko ńlá kan wà ní Ìfàkọ̀, Jacob Kehinde Coker. Ó wà lára àwọn tó bínú jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's, Breadfruit, ní oṣù kẹwàá 1901, nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell lé James Johnson kúrò níbẹ̀. Wọ́n dá Ìjọ Áfíríkà sílẹ̀, wọ́n ní ẹni tó ń dáwó ìjọ gbọ́dọ̀ ní ohùn nínú ọ̀ràn ìjọ. Ní 1907 Coker kó àwọn olóko jọ sínú Agege Planters' Union. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ àwọn tó ni oko ni ẹgbẹ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ tó ti oríṣiríṣi ilẹ̀ Yorùbá wá síbẹ̀ ṣe lébìrà, àwọn tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin kòkó níbẹ̀, tí wọ́n sì mú ẹ̀kọ́ náà padà sílé sọ àwọn ìlú wọn di ìlú olówó, kò sí àga fún wọn nínú ìpàdé náà. Ẹni tó ń jà fún òmìnira kì í sábà rántí ka ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó wà lábẹ́ náà ló máa ń ka ara rẹ̀.

Ní 1941 Churchill àti Roosevelt fọwọ́ sí ìwé kan lórí omi Àtìláńtíkì pé kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yan irú ìjọba tó bá wù ú. Nnamdi Azikiwe àti àwọn akọ̀ròyìn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bi Lọ́ńdọ̀nù pé ṣé àwọn náà wà níbẹ̀. Churchill ti dáhùn ní ilé aṣòfin: àwọn tí Hitler tẹ̀ mọ́lẹ̀ ní Yúróòpù ló wà lọ́kàn òun. Bí ìwé bá ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbá parí sí. Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹfà 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n jáwọ́ nínú iṣẹ́. Ogun ti sọ ọjà di góòlù, owó wọn kò sì kúrò lójú kan. Michael Imoudu, olórí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi tí ìjọba lé e lọ ni. Ó lé ní oṣù kan tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà fi wà, ọkọ̀ ojú irin kò sì ké kọjá Agége bó ti í ṣe. Ìjọba ti ilé ìwé ìròyìn Azikiwe pa. Níkẹyìn ìgbìmọ̀ Tudor Davies ní kí wọ́n fi ìdajì kún owó ọ̀wọ́n-ọjà tí òṣìṣẹ́ ń gbà. Láàrin ọdún mẹ́fà sí ìgbà náà, òfin ìbò ti yí padà, àwọn tí wọ́n ń pè ní ọmọdé nínú ìṣèlú sì ti ń jókòó ní ilé aṣòfin Ìbàdàn. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ló kún un. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìwé ẹ̀kọ́ Government tó wà lọ́wọ́ ọmọ yín, kí ẹ wò ó bóyá Montesquieu ló gba ojú ewé jù tàbí Imoudu.

Ìkẹjà tí a mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Obafemi Awolowo la ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ síbẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú ibi tí wọ́n yàn. Ojú irin wà níbẹ̀, pápákọ̀ òfúrufú wà níbẹ̀, èbúté Àpápá kò jìnnà, síbẹ̀ abẹ́ Ìbàdàn ni ilẹ̀ náà wà nígbà náà, kò sí lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. Òmìnira fún gbogbo ènìyàn ni Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ẹgbẹ́ òṣèlú Awolowo, ń polongo, àti ayé ìgbádùn. N kò ní fi ẹ̀tọ́ Awolowo dù ú: iléèwé ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955 ló mú kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó wá ṣiṣẹ́ ní kọ́ńpìnnì Ìkẹjà lè ka ohun tí wọ́n kọ sínú àpò owó oṣù wọn. Ohun tí wọ́n wá fi kíkà náà ṣe, Awolowo kọ́ ló kọ́ wọn.

Ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní 1970. Ọjà ti gbówó lórí, láti ìgbà ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti oṣù kẹfà 1964, tó tẹ̀lé ọ̀ràn ìgbìmọ̀ Adájọ́ Morgan, kò sì sí àfikún gbogbogbòò kankan. Gowon, olórí ìjọba ológun, gbé ìgbìmọ̀ mìíràn kalẹ̀, ó fi Olóyè Simeon Adebo, ọmọ Ẹ̀gbá tó ti ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ṣe alága. Ní ìparí ọdún náà ìgbìmọ̀ Adebo ní kí wọ́n fún òṣìṣẹ́ ní owó ọ̀wọ́n-ọjà díẹ̀ ná, kí àyẹ̀wò tó parí. Ìjọba gbà. Ṣùgbọ́n ó fi gbólóhùn kan sẹ́yìn rẹ̀: ilé-iṣẹ́ aládàáni tó bá ti fi owó kún owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ láti 1964 kò pọn dandan fún un láti san án.

Lójú akọ̀wé ìjọba, ọgbọ́n ni gbólóhùn yẹn. Ẹ wá wò ó láti Agége. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì kan ti jà lọ́dún méjì sẹ́yìn, wọ́n ti jókòó ti máníjà títí tó fi yọ owó. Ní òdì kejì títì, àwọn kan kò ja ìjà kankan. Ẹni tí kò jà yóò gba owó Adebo. Ẹni tó jà, wọ́n á ní ó ti gba tirẹ̀ tán. Nínú ilé Agége, níbi tí yàrá ti dojú kọ yàrá, tí ẹni méjì ń fọ ẹnu ní ẹ̀yìnkùlé kan náà láàárọ̀, kò sí bí owó oṣù ṣe lè jẹ́ àṣírí. Wọn kò nílò onírònú kankan láti wá sọ fún wọn ohun tí ìdọ́gba jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà wà lójú wọn.

Òfin wá ńkọ́? Òfin ológun 21 ti 1968 ti dín ìdaṣẹ́sílẹ̀ kù, òfin ológun 53 ti 1969 sì wá fòfin dè é pátápátá, ó sọ ọ́ di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà fún ètò ìròyìn àti iṣẹ́ nígbà náà ni Anthony Enahoro, ẹni tó dábàá òmìnira Nàìjíríà ní ilé aṣòfin ní 1953. Ẹ rò ó wò. Ẹni tó gbé àbá òmìnira kalẹ̀ kí àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ Ìkẹjà wọ̀nyí tó mọ̀ ọ́n sọ, òun ló jókòó nínú ìjọba tó ní kí òṣìṣẹ́ má dáṣẹ́ sílẹ̀. N kò fi bú u. Ó tún jà fún June 12 nígbà ogbó rẹ̀. Mo kàn ń fi hàn pé kí ènìyàn mọ ọ̀rọ̀ òmìnira dáadáa kò ní kó má fi de ẹlòmíràn.

Ní oṣù kìíní 1971, pẹ̀lú òfin yẹn lórí wọn, àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà dá ẹ̀rọ dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kan, ó ràn dé òmíràn. Níbòmíràn wọ́n wọlé, wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ, wọn kò fọwọ́ kàn án. Níbòmíràn máníjà ti géètì mọ́ wọn síta. Àwọn olórí àjọ òṣìṣẹ́ ńlá tó ní ọ́fíìsì ní Èkó kọ́ ló pè é. Àárín àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ló ti ru jáde, ó sì ti àwọn olórí níwájú. Ìjọba ológun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun nínú ogun, tó ní ọmọ ogun tó pọ̀ ju ti ìgbàkígbà rí lọ, wo ọ̀ràn náà, ó sì yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Kí gbogbo ilé-iṣẹ́ san án, yálà ó ti fi owó kún owó tẹ́lẹ̀ tàbí kò fi kún un.

Ọmọ òyìnbó kan, Adrian Peace, tó ṣe ìwádìí láàrin àwọn òṣìṣẹ́ Agége láwọn ọdún wọ̀nyẹn, kọ ìwé kan lé e lórí tó jáde ní 1979. Ohun tí mo mú nínú rẹ̀ ni ti àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́: àwọn ìyá ọlọ́jà, àwọn télọ̀, àwọn onílé. Wọn kò bínú sí àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì pé wọ́n ń gba owó ju àwọn lọ. Wọ́n gbà pé àwọn yẹn ló lè bá ìjọba wí nítorí gbogbo mẹ̀kúnnù, àwọn ló sì mọ̀ pé owó tó bá wọ àpò òṣìṣẹ́, inú igbá àwọn ló ń bọ̀. Ibi tí wọn kò ti dìbò, tí wọn kò ní ilé aṣòfin, tí ṣọ́jà ń ṣòfin, géètì kọ́ńpìnnì ló di ilé aṣòfin wọn. Ẹni tó bá ń wá bí àṣẹ ṣe wà lọ́wọ́ ará ìlú, Agége 1971 ni kó lọ kà.

Mo ti ń gbọ́ èsì tí wọ́n máa fọ̀. Wọ́n á ní: owó ni wọ́n ń wá, ikùn ló ń dà wọ́n láàmú, má fi òmìnira bò ó lórí. Èsì yìí ló máa ń bí mi nínú jù, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni wọ́n ń fi í wọ̀n. Kí ló dá ìjà sílẹ̀ láàrin Ọba Charles kìíní àti àwọn ọlọ́rọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Lára rẹ̀ ni owó orí tó ń gbà fún ọkọ̀ ojú omi láì bi ilé aṣòfin. Kí ni àwọn ará Boston dà sómi ní 1773? Tíì ni, nítorí owó orí tó wà lórí rẹ̀. Nígbà tí olówó bá jà nítorí àpò rẹ̀, wọ́n á ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Nígbà tí lébìrà bá jà nítorí àpò rẹ̀, wọ́n á ní ebi ni. Ní Abẹ́òkúta, láàrin 1947 àti 1949, àwọn obìnrin Ẹ̀gbá pẹ̀lú Funmilayo Ransome-Kuti ní àwọn kò ní san owó orí fún ìjọba tí àwọn kò ní aṣojú nínú rẹ̀, Aláké Adémọ́lá sì kúrò lórí ìtẹ́ fúngbà díẹ̀. Ohun tí àwọn ará Boston sọ gan-an ni. Èwo nínú méjèèjì ni ọmọ yín kọ́ ní iléèwé?

Bí ẹ bá sì ní dandan kí wọ́n jà fún ohun tí kì í ṣe owó kí ẹ tó gbà, ó wà nílẹ̀. Ní oṣù keje 1994, ọdún kan lẹ́yìn tí Babangida fagi lé ìbò June 12, àwọn òṣìṣẹ́ epo lábẹ́ Frank Kokori dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Kì í ṣe nítorí owó oṣù. Ìbò tí àwọn ènìyàn dì ni wọ́n ní kí wọ́n kà. Abacha, ológun tó ń jọba nígbà náà, tú olórí ẹgbẹ́ wọn ká, ó sì ti Kokori mọ́lé fún ọdún púpọ̀. Kudirat, ìyàwó Abiola tó jáwé olúborí nínú ìbò náà, wà lẹ́yìn wọn gbọin-gbọin. Wọ́n yìnbọn pa á ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà 1996 ní Orégun, láàrin àwọn ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà yìí kan náà. Lọ́dún wọnnì, àwọn ọ̀mọ̀wé tó lè sọ Montesquieu lórí kò ṣọ̀wọ́n nínú ìjọba Abacha. Àwọn kan nínú wọn ló ń ṣàlàyé fún ayé ìdí tí ìbò náà kò fi lè dúró.

Ó tún ku ẹgbẹ́ kejì tí mo ń bá jà, àwọn tó máa ń fi ìgbéraga dáhùn pé a kò kọ́ ohunkóhun lọ́dọ̀ òyìnbó, pé kí Montesquieu tó dáyé ni Ọ̀yọ́ Mèsì ti ń dá Aláàfin lọ́wọ́ kọ́. Òótọ́ ni, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àṣìṣe kan náà ni: wọ́n ṣì ń wo ààfin, wọ́n rò pé ètò tí wọ́n bá tò dáadáa láàrin àwọn ìjòyè ló ń dá òmìnira sílẹ̀. Ta ló di apàṣẹ wàá fún Ọ̀yọ́ láàrin 1754 sí 1774? Gáà ni, Baṣọ̀run, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì fúnra rẹ̀, ẹni tí ètò náà fi ṣe ìdènà fún ọba. Ọba lẹ́yìn ọba ló rán lọ sọ́run. Ìgbà tí Aláàfin Abíọ́dún rí Ọ̀yàbí, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, àti ọmọ ogun ìgbèríko bá dìde ni Gáà tó ṣubú. Àwọn ẹrú àti ìwọ̀fà tó ń ro oko gbogbo wọn, wọn kò sí nínú àlàyé ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí òde òní, nítorí bí ẹ̀kọ́ WAEC yẹn bá jẹ́ òótọ́, Ìkẹjà ló yẹ kó jẹ́ ìlú tó dùn ún gbé jù láyé. Ọ̀rọ̀ àwọn onírònú náà ti wọ inú ìwé òfin wa pátápátá. Abala 14 ìwé òfin 1999 sọ pé ọwọ́ ará ìlú ni àṣẹ wà. Abala 17 sọ pé orí òmìnira, ìdọ́gba àti òdodo ni a kọ́ àwùjọ wa lé. Ó tilẹ̀ sọ pé kí owó ọ̀yà dọ́gba fún iṣẹ́ tó dọ́gba, láì ṣe ojúsàájú. Rousseau fúnra rẹ̀ kò kọ tó bẹ́ẹ̀. Ìwé náà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú pé àwa ènìyàn Nàìjíríà ló ṣe é, bẹ́ẹ̀ òfin ológun 24 ti ọdún náà, tí Abdulsalami Abubakar fọwọ́ sí, ni wọ́n fi gbé e jáde. Ẹ wá ṣí abala 6, ìlà kẹfà, ìpín c. Níbẹ̀ ni wọ́n ti sọ pé ilé ẹjọ́ kankan kò gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹni tó bá ní ìjọba kò ṣe ohun tó wà ní Orí Kejì, níbi tí gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn wọ̀nyẹn wà. Wọ́n se ọbẹ̀ aládùn, wọ́n gbé e sórí àjà, wọ́n sì yọ àkàbà.

Ta ló wà nísàlẹ̀? Ẹ lọ sí Ọba Akran tàbí ojú ọ̀nà Acme láàárọ̀ kùtù, ẹ ó rí wọn. Kásúà ni wọ́n ń pè wọ́n. Wọ́n dúró sí géètì, wọ́n ń retí kí wọ́n pe orúkọ. Ẹni tí wọ́n pè, ó rí iṣẹ́ òòjọ́. Ẹni tí wọn kò pè, ó di ọ̀la. Àwọn kan ti ṣe é fún ọdún púpọ̀ ní kọ́ńpìnnì kan náà, lórí ẹ̀rọ kan náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣìṣẹ́ tó ní ìwé, tí iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀ rárá, tí owó wọn kò sì sún mọ́ra. Òfin iṣẹ́ ní, ó pẹ́ tán lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn. Ó ní àdéhùn kankan kò gbọdọ̀ dí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ láti wọ ẹgbẹ́. Àwọn kọ́ńpìnnì rí ọ̀nà gbà: wọn kì í gba kásúà fúnra wọn mọ́, agbaṣẹ́ṣe ni wọ́n ń gbé iṣẹ́ náà fún, òun ló ń kó ènìyàn wá. Owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000 ní 2024, ṣùgbọ́n òfin náà yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá ti tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀, ó yọ ẹni tí wọ́n ń sanwó fún ní iye ohun tó bá ṣe sílẹ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó bá gbọ́n á fi orúkọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ forúkọ sílẹ̀, á pín ọgọ́ta ènìyàn sí ogún-ogún. Ní 2002, iná sọ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú lóru, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn sì jóná síbẹ̀. Ìwé òfin 1999 ti pé ọdún mẹ́ta nígbà náà, pẹ̀lú òmìnira àti ìdọ́gba inú rẹ̀.

Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà ní ẹjọ́ láti jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ẹgbẹ́ àwọn tó ní ìwé nìkan, bí ẹgbẹ́ Coker ṣe jẹ́ ẹgbẹ́ àwọn tó ní oko. Àwọn kásúà ń dúró níta nígbà tí ẹgbẹ́ bá ń bá máníjà sọ̀rọ̀ nípa àfikún owó. Àwọn tó dá ẹ̀rọ dúró ní 1971 kì bá tí dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Wọ́n á ní kò sí ohun tí a lè ṣe, pé bí ìwé òfin ṣe wí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin yẹn náà fún Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ láṣẹ láti ṣe òfin tí yóò mú kí wọ́n máa tẹ̀lé Orí Kejì, ní nọ́ńbà 60 nínú àwọn ohun tó wà níkàáwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi ọwọ́ sí i ní 2002, nígbà tí ìjọba Oǹdó pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ lórí òfin ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́: nítorí pé Orí Kejì ní kí ìjọba gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, Ilé Aṣòfin lè ṣe òfin sí i, ilé ẹjọ́ á sì lè fi í dájọ́. Àkàbà wà, wọ́n sì ti gùn ún lẹ́ẹ̀kan. Ohun tí wọ́n ṣe fún ìwà ìbàjẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é fún owó ọ̀yà tó dọ́gba, kí wọ́n sì ka kásúà agbaṣẹ́ṣe mọ́ òṣìṣẹ́ kọ́ńpìnnì tó ń lò ó. Àwọn aṣojú Ìkẹjà, Agége àti Ìfàkọ̀-Ìjàyè tó wà ní Àbújá ní ohùn láti fi dá a lábàá. Nígbà tí wọ́n bá tún ń wá ìbò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wá sí gbọ̀ngàn àríyá. Kí wọ́n wá sí géètì Ọba Akran láago márùn-ún àárọ̀ pẹ̀lú àbá òfin náà lọ́wọ́, kí wọ́n sì kà á síta fún àwọn tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ wọn.